Láísẹ́ǹsì Wo Ló Yẹ Fáìlì Yín Lórí Wikimedia Commons?

Wikimedia Commons ni ọ̀pọ̀ fọ́tò àti ohùn tí ẹ̀ ń bá pàdé nínú Wikipedia Yorùbá wà. Kí tiyín tó wọlé síbẹ̀, ẹ ó mú láísẹ́ǹsì kan, ìyẹn àṣẹ tó sọ bí àwọn ẹlòmíì ṣe lè lo iṣẹ́ yín. Ẹ fara balẹ̀ mú un, torí àṣẹ tí ẹ bá ti fún aráyé, kò ṣeé gbà padà mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó ya fọ́tò ló ni ín, kì í ṣe ẹni tí wọ́n yà. Fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí yín lè wà nínú àpótí yín láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ fọ́tógíráfà ló ni àṣẹ rẹ̀.

Nínú àwọn láísẹ́ǹsì Creative Commons (CC), CC BY-SA 4.0 ni mo máa ń mú fún fọ́tò. Bí mo bá ya àwọn amọ̀kòkò Dàda ní Ìlọrin, ẹnikẹ́ni lè lò ó, àmọ́ yóò dárúkọ mi. Bó bá sì tún un ṣe, irú àṣẹ kan náà ni yóò fi gbé èyí tó tún ṣe jáde. CC BY 4.0 kò béèrè ju orúkọ lọ. CC0 kò béèrè ohunkóhun. Òun ni mo ń lò fún ohùn tí mo fi ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ NC (NonCommercial), láísẹ́ǹsì tó ní kí wọ́n má fi iṣẹ́ náà ṣòwò, kí ẹnikẹ́ni má baà fi iṣẹ́ wa pawó. Commons kì í gbà á, mo sì fara mọ́ wọn: ẹni tó ń tẹ ìwé kíkà Yorùbá fún àwọn ọmọ iléèwé náà ń tà á, NC yóò sì dí òun náà lọ́wọ́.

Ti oríkì ló gba sùúrù jù. Ẹ má tíì tan ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gba ohùn. Ẹ sọ fún ìyá tó fẹ́ kì í pé: “Màmá, bí a bá gbé ohùn yín síbẹ̀, ẹni tí a ò mọ̀ rí lè fi sínú fíìmù kó sì tà á, kò sì ní fún yín ní kọ́bọ̀. Ṣé ẹ fọwọ́ sí i?” Bí wọ́n bá ní rárá, ó parí nìyẹn, ẹ gba ohùn wọn fún ilé nìkan, bí wọ́n bá fẹ́. Bí wọ́n bá gbà, ímeèlì tó fi àṣẹ wọn hàn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ikọ̀ VRT (Volunteer Response Team), àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni Wikimedia tó ń bójú tó irú rẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ jọ kọ ọ́.

Níbi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ oníṣẹ́, ẹ kọ ọ́ pé pérépéré, tàmì-tàmì. Bí ẹ bá ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ ni àwọn tó bá lò ó yóò ṣe dà á kọ.