Bí mo ṣe mú písítìn inú SolidWorks rìn lẹ́yìn tó ti dúró gbagidi

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lọ, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti há síbi tí mo há sí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ya ẹ́ńjìnnì kékeré onísílíńdà kan nínú SolidWorks (sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń ya ẹ̀rọ lójú kọ̀ǹpútà), gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ti pé, ó wá kù kó máa yí lójú kọ̀ǹpútà kí n lè fi fídíò ẹ̀ han àwọn tí mò ń kọ́. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò pọ̀: ilé ẹ́ńjìnnì, kiráǹkì (ọ̀pá tó ń yí), kọ́nrọ́ọ̀dù (apá tó so kiráǹkì mọ́ písítìn) àti ìdérí ìsàlẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú bóòtù méjì, písítìn, píìnì tó gba inú písítìn kọjá, àti kílíìpù méjì tí ò jẹ́ kí píìnì yọ. Apá kiráǹkì jẹ́ mílímítà 30, kọ́nrọ́ọ̀dù jẹ́ 110 láti àárín ihò kan sí àárín ihò kejì. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Mo kó písítìn, píìnì, kílíìpù, kọ́nrọ́ọ̀dù, ìdérí àti bóòtù sínú subassembly kan ṣoṣo (ìyẹn gúrúùpù ẹ̀yà tí èèyàn lè gbé wọlé bí ẹyọ kan), torí bí mẹkáníìkì ṣe máa ń tò ó pọ̀ nìyẹn kó tó kì í bọ sílíńdà. Nínú fáìlì tiẹ̀, ó dáa gan-an, mo fa písítìn, ó ń jù fìrìfìrì lórí píìnì ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo gbé e wọnú ẹ́ńjìnnì, tí mo so ó mọ́ kiráǹkì, tí mo wá fi máòsì di kiráǹkì mú pé kó yí, kò mira rárá. Mo fà á síhìn-ín, mo fà á sọ́hùn-ún, ó dúró gbagidi. Mo rò pé mate kan (ìdè tó so ẹ̀yà kan mọ́ òmíì) ló ti bàjẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, odindi ìrọ̀lẹ́ kan ló bá a lọ.

Mate kankan ò bàjẹ́ o. Tí ẹ bá gbé subassembly wọlé, Rigid ló máa kọ́kọ́ wà, ìyẹn ni pé sọ́fítíwià á mú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ bí irin kan tí wọ́n wẹ́dì pọ̀, ibi tí písítìn àti kọ́nrọ́ọ̀dù ti ń jù tẹ́lẹ̀ ti dì pa. Ẹ lè lọ sí Component Properties kí ẹ yí i sí Flexible, mo ṣe bẹ́ẹ̀, kiráǹkì sì yí lóòótọ́. Àmọ́ mi ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Flexible máa ń jẹ́ kó tún mate inú gúrúùpù ṣírò pọ̀ mọ́ tìta, tí ẹ̀yà bá wá pọ̀, kọ̀ǹpútà á máa fà, àti pé èmi ni mo pín gúrúùpù lọ́nà tí kò yẹ látìbẹ̀rẹ̀. Mo pín in bí wọ́n ṣe ń tò ó pọ̀, mi ò pín in bó ṣe ń rìn.

Mo wá tú u ká. Mo mú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, mo bi í pé: tí kiráǹkì bá ń yí, ṣé ìwọ àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ máa ń kúrò lára ara yín? Kílíìpù àti píìnì ò kúrò lára písítìn, gúrúùpù kan nìyẹn. Ìdérí àti bóòtù ò kúrò lára kọ́nrọ́ọ̀dù, gúrúùpù kejì nìyẹn. Méjèèjì jẹ́ Rigid, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Bóòtù nìkan ló fẹ́ yọ mí lẹ́nu díẹ̀, torí tí ẹ bá ti fi Concentric (mate tó ń mú ihò àti ọ̀pá wà lórí ìlà àárín kan náà) àti Coincident (mate tó ń mú ojú méjì lẹ̀ mọ́ra) dè é, ó ṣì lè máa yí lórí ara ẹ̀, mo bá fi àmì sí Lock rotation lórí Concentric ẹ̀, ó parí.

Ó wá kan ká dè wọ́n pọ̀. Ẹ̀yà tó bá wà lófìfo ní ọ̀nà 6 tó lè gbà rìn: ó lè sún lọ́nà 3, ó lè yí lọ́nà 3. Ilé ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ fi Fix kàn mọ́lẹ̀. Kiráǹkì gba Concentric pẹ̀lú ihò tó jókòó sí, ìyẹn gba 4 nínú 6, ó ku kó yí àti kó máa sún síwá sẹ́yìn, Coincident kan gba sísún yẹn. Písítìn gba Concentric pẹ̀lú sílíńdà, ó ń lọ sókè sódò ó sì tún ń pòòyì, ẹ má dá pípòòyì yẹn lóhùn, píìnì ló máa mú un. Kọ́nrọ́ọ̀dù wá gba Concentric lókè àti nísàlẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣe àṣejù nìyí. Mo fi àárín kọ́nrọ́ọ̀dù sí àárín ọrùn kiráǹkì (ibi tí ìsàlẹ̀ kọ́nrọ́ọ̀dù ti so mọ́ ọn), mo tún ní kí àárín ẹ̀ lókè bá àárín písítìn mu, ni gbogbo nǹkan bá pupa, ìyẹn ni pé àwọn mate ń tako ara wọn. Mo wọ̀n ọ́n, àṣé sílíńdà mi fi mílímítà 0.5 yẹ̀ kúrò ní ọ̀gangan kiráǹkì, kọ́nrọ́ọ̀dù kan ò sì lè wà lójú méjì. Mo yọ ti òkè, pupa lọ. Àmì ìyọkúrò (-) tó wà níwájú orúkọ kiráǹkì, písítìn àti kọ́nrọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbìyànjú àtipa á rẹ́, ohun tó ń sọ ni pé ó ṣì ku ọ̀nà tí wọ́n lè gbà rìn, ọ̀nà yẹn gan-an la sì nílò.

Nínú Motion Study (ibi tí SolidWorks ti ń mú ẹ̀rọ rìn), mo fi mọ́tò sórí kiráǹkì. Mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa ti písítìn, àmọ́ tó bá dé òkè pátápátá, tí kọ́nrọ́ọ̀dù àti apá kiráǹkì wà lórí ìlà kan náà, kò mọ apá ibi tó máa yà sí, á kàn dúró síbẹ̀. Mo tún lo mate Angle (tó ń di ẹ̀yà mú ní igun kan) láti gbé písítìn sí òkè pátápátá kó lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀, mo sì ní láti fi Suppress pa á kí mọ́tò tó lè ṣiṣẹ́, torí ó ń di kiráǹkì mú. Eré ìyípo 100 ní ìṣẹ́jú kan ni mo kọ́kọ́ lò, pẹ̀lú àwòrán 8 ní sẹ́kọ́ǹdù kan: láti àwòrán kan sí èkejì, kiráǹkì á ti fò digíríì 75, ojú ò lè bá a. Mo sọ ọ́ di ìyípo 12, mo fa ìlà àsìkò dé sẹ́kọ́ǹdù 5, ìyẹn sì jẹ́ ìyípo kan géérégé, nítorí náà fídíò lè máa tún ara ẹ̀ ṣe láìsí pé ó ń ta kìjí.

Mi ò fi ojú lásán gbà á. Ìrìn písítìn láti òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ mílímítà 60, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì rò pé tí kiráǹkì bá yí digíríì 90, ó ti rin 30. Rárá o. Kọ́nrọ́ọ̀dù ti dagun nígbà yẹn, bó ṣe dagun yẹn sì tún fa písítìn wálẹ̀ sí i. Láti àárín kiráǹkì sí píìnì, 140 ni nígbà tó wà lókè, ní digíríì 90 ó á ku 105.83, ìyẹn ni pé ó ti rin 34.17. Mo dá ìlà àsìkò dúró ní sẹ́kọ́ǹdù 1.25, mo ṣí Measure, mo tẹ àárín kiráǹkì, mo tẹ àárín píìnì, 105.83 ló gbé jáde. Inú mi dùn gan-an, mo sì tọ́jú fáìlì náà lójú ẹsẹ̀.