Bí Mo Ṣe Ń Wá Àwọn Òǹkọ̀wé Tí Mi Ò Kà Rí

Kí n tó wá ìwé tuntun kankan, mo kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tí mo ti kà. Mo kọ gbogbo èyí tí mo parí lọ́dún tó kọjá sílẹ̀, mo wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀ wo ni òǹkọ̀wé ti wá, ọkùnrin ni àbí obìnrin, èdè wo ló fi kọ ọ́. Ibi èdè ló là mí lójú jù. Gẹ̀ẹ́sì ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kì í ṣe pé mo kórìíra ìyókù, wọn kì í dé ọ̀dọ̀ mi ni. Irú ohun tí èèyàn bá ti kà tẹ́lẹ̀ ni àwọn tó ń tàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tún máa ń gbé síwájú ẹni.

Àtòjọ ẹ̀bùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ti Nobel kò gbé mi jìnnà: 1901 ni wọ́n ti ń fún àwọn òǹkọ̀wé ní ẹ̀bùn náà, ó sì di 1986 kó tó kan ọmọ Áfíríkà, Wọlé Ṣóyínká. International Booker ló ṣínà fún mi. Láti 2016, ìwé kan tí wọ́n tú sí Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbà á lọ́dọọdún, òǹkọ̀wé àti ẹni tó tú u á sì pín owó rẹ̀, 50,000 pọ́n-ùn, lọ́gbọọgba. Ìwé mẹ́fà tó bá dé ìpele ìkẹyìn ni mo máa ń wò, kì í ṣe èyí tó borí nìkan. Ní 2025, Banu Mushtaq fi èdè Kannada gbà á, èdè kan ní Íńdíà tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 40 ń sọ, síbẹ̀ mi ò tíì fojú kan ojú ewé kan láti inú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣiṣẹ́ jù fún mi ni títẹ̀lé àwọn tó ń tú ìwé. Ẹni tó máa fi ọ̀pọ̀ oṣù jókòó ti ìwé kan kò ní ṣàdédé mú un. Ẹ wo Deborah Smith: òun ló tú ìwé Han Kang láti èdè Kòríà, tí àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn yẹn ní 2016. Òun náà ló dá ilé ìtẹ̀wé Tilted Axis sílẹ̀, ilé yẹn ló sì tẹ ìwé Geetanjali Shree, tí wọ́n tú láti èdè Híńdì, tó gba ẹ̀bùn kan náà ní 2022. Orúkọ kan ṣoṣo ló mú mi láti Kòríà dé Íńdíà.

Ann Morgan, òǹkọ̀wé ará Bírítéènì kan, ka ìwé kọ̀ọ̀kan láti orílẹ̀-èdè 196 lọ́dún 2012. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi, àmọ́ ọ̀nà mìíràn ni mo yàn. Ìwé kan kò lè gbẹnu sọ fún odindi orílẹ̀-èdè, nítorí náà mi ò kì í kúrò níbì kan àfi tí mo bá ka ẹni kejì, ẹni tí ọjọ́ orí tàbí ìgbésí ayé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ẹni kejì yìí gan-an ló máa ń jẹ́ kí n mọ èyí tó jẹ́ ìwà òǹkọ̀wé àti èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ rẹ̀.

Èdè Lárúbáwá ló kàn. Jokha Alharthi ará Oman, tó gba International Booker ní 2019, ni màá fi bẹ̀rẹ̀.