Ọgọ́rùn-ún ìbéèrè tí mo há sórí lásán

₦5,000 ni wọ́n ta ìwé tí mo fi múra ìdánwò ìtàn àti ìjọba Amẹ́ríkà fún mi, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kí èèyàn tó di ọmọ ìlú níbẹ̀. Ẹ fi ₦45,000 owó lẹ́sìnnì kún un, kí ẹ tún wá fi oṣù méjì gbáko lé e, èyí tí kò sẹ́ni tó lè dá a padà fún ẹni tó ti lé ní ọdún 65. Gbogbo rẹ̀ ló wọgbó. Mo ti yege ìdánwò náà o, ìwé ẹ̀rí pé mo ti di ọmọ Amẹ́ríkà ti wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ tí mo bá rántí ìwé pẹlẹbẹ yẹn, ara mi á gbóná.

Kí ẹ má baà rò pé ìyá kan tí kò rójú kàwé ni wọ́n rí rẹ́ jẹ: ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní Government ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo máa ń dúró níwájú pátákó, tí màá sọ fún wọn pé ara Amẹ́ríkà la ti rí ìlànà ìjọba ààrẹ kọ́, tí a fi òfin ọdún 1979 gbé e wọlé, lẹ́yìn tí ti Gẹ̀ẹ́sì kò bá wa lára mu mọ́. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ti di lọ́yà, òmíràn nínú wọn ti di káńsílọ̀. Tí ẹnì kan bá wà ní Àkúrẹ́ tí kò yẹ kó sanwó kí wọ́n tó kọ́ ọ ní iye sẹ́nétọ̀, èmi ni.

Ọwọ́ àbúrò mi ọkùnrin ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2019 ni mo gba green card, ìwé àṣẹ láti máa gbé ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Maryland ni mo sì ń gbé. Ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún lórí green card lè béèrè láti di ọmọ ìlú, nítorí náà a ti kọ fọ́ọ̀mù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Fọ́ọ̀mù náà fẹ́ mọ gbogbo ìgbà tí mo jáde kúrò ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún márùn-ún, ọjọ́ tí mo lọ àti ọjọ́ tí mo dé. Òǹtẹ̀ àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi àtijọ́, pásípọ́ọ̀tù náà sì wà nínú àpótí irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Àkúrẹ́. Mo pe àbúrò mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, mo máa yà síbẹ̀ ní Sátidé.” Sátidé náà, ó lọ òde ìyàwó. Sátidé kejì, òjò. Ẹ̀kẹta, kò rí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ni àwòrán pásípọ́ọ̀tù yẹn tó wọlé sórí WhatsApp, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọmọ mi san $710 tó sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Tí ẹ bá ṣẹ́ iye yẹn sí náírà nígbà náà, ó ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé ẹni tó bá fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá yẹn lọ, ìdánwò tuntun ló máa ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi pẹ́. Ẹni tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19, ìbéèrè 100 ló máa kà, 10 ni wọ́n máa bi í, tó bá ti gba 6, ó ti yege nìyẹn. Tèmi ti di ìbéèrè 128. Wọ́n lè bi mí ní 20 nínú rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ gba 12. N kò mọ̀, mo jókòó bí ẹni tí nǹkan ń lọ déédéé fún.

Ọ̀rọ̀ ìka títẹ̀ àti lẹ́tà tí wọ́n ń kọ síni, n kò ní fi ìyẹn dà yín láàmú. Mo wálé ní ìparí oṣù kọkànlá, torí òrùlé ilé mi ń jò, mo sì fẹ́ ṣọdún pẹ̀lú àwọn èèyàn mi. Mo mọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ pẹ́ tó oṣù mẹ́fà, nítorí ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn odi, wọ́n lè sọ pé ó ti já okùn ibùgbé rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fún ara mi. Mo ní màá fi àlàáfíà kàwé mi níbi tí kò ti sí ọmọ tó ń sunkún.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ fẹ́ bà á jẹ́ fún mi. Ó ní kí ni mò ń kàwé sí, pé ẹni tó bá ti lé ní ọdún 65, ìbéèrè 20 péré ló máa kà, àti pé Yorùbá ni wọ́n máa fi bi í. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ọmọ mi ló sọ ìdajì tó kù fún mi lórí fóònù: ẹni náà gbọ́dọ̀ ti lo ogún ọdún lórí green card. Èmi tí n kò tíì lò ju mẹ́fà lọ ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni, gbogbo ìbéèrè ni.

Bí mo ṣe dé ilé lẹ́sìnnì yẹn nìyẹn. N kò ní dárúkọ wọn. Àwọn tó fẹ́ lọ sókè òkun ni wọ́n máa ń kọ́, ọmọkùnrin tó ni ibẹ̀ sì mọ̀rọ̀ sọ, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń pè mí ní “Mọ́mì wa.” Ó gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí wọ́n ya àsíá Amẹ́ríkà sí lẹ́yìn. Ìbéèrè 100, wọ́n sì ti to ìdáhùn sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní A, B, C, D bíi ti JAMB. Mo ṣí i wò bí tíṣà ṣe ń ṣí ìwé wò. Ta ni ààrẹ Amẹ́ríkà? Donald Trump. Mo ní ó dáa, ìwé tuntun ni. Mo sún sísàlẹ̀. Ta ni igbákejì ààrẹ? Mike Pence.

Mo gbójú sókè. Mo ní, “Ọmọ mi, JD Vance ni igbákejì.” Ó ní, “Ha, Mọ́mì, àṣìṣe àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ bá wa tún un ṣe.” Ẹ sì wo ohun tí mo ṣe. Mo yọ bírò pupa nínú báàgì mi, mo fa igi lé Mike Pence, mo kọ JD Vance sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo rí Paul Ryan tí wọ́n pè ní olórí ilé aṣojú-ṣòfin, mo fagi lé e, mo kọ Mike Johnson. Ara mi ń yá gágá. Mo ti mú ìwé! Ẹnu ya ọmọkùnrin náà, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ní bóyá èmi ni kí n máa kọ́ òun. Orí mi wú débi pé n kò ronú sí i pé sáà àkọ́kọ́ Trump ni ìwé tó ní Mike Pence nínú ti jáde, àti pé bí orúkọ inú rẹ̀ bá ti gbó, ìbéèrè inú rẹ̀ náà lè ti gbó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe irú ìyẹn nínú kíláàsì mi, màá ní kó kúnlẹ̀.

Mo kàwé o. Láago márùn-ún àárọ̀, kí àdúgbò tó jí, tí iná kò bá sí, màá tan lámpù oníbátìrì. Ohun tí kò jẹ́ kó rọ̀ mí lọ́rùn ni ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bi mí ní iye sẹ́nétọ̀, 109 ló ń sáré wá sẹ́nu mi. Tiwọn jẹ́ 100, méjì méjì láti ìpínlẹ̀ 50. Ilé aṣojú-ṣòfin, 360 ni màá sọ. 435 ni tiwọn. Lọ́dọ̀ wa, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni gbogbo wọn ń lò. Lọ́dọ̀ tiwọn, aṣojú-ṣòfin ń lo méjì, sẹ́nétọ̀ ń lo mẹ́fà, ààrẹ nìkan ló ń lo mẹ́rin. Ọdún 31 tí mo fi kọ́ni ti wá di ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ mi.

Nígbà tí oṣù kìíní fi ń parí lọ, ìwé náà ti wà lórí mi bí orin. Mo pe Maryland lórí fídíò kí n lè fi yangàn. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní òun ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa bi mí. Ó wọ kóòtù bàbá rẹ̀. Ó ní, “Màmá àgbà, ẹ dárúkọ ìpínlẹ̀ márùn-ún nínú àwọn 13 àkọ́kọ́.” Mo ní mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè. Ó ní márùn-ún ni. Mo ní, “Mẹ́ta, àbí o fẹ́ kọ́ mi ni?” Ó ní kí n jẹ́ ká lọ sórí òmíràn: kí ló dé tí Amẹ́ríkà fi wọ ogun Persian Gulf? Mo ní ìyẹn kò sí níbẹ̀. Ó ní kí n dárúkọ ohun kan tí Alexander Hamilton fi lókìkí. Mo ní ìyẹn náà kò sí níbẹ̀, kó lọ pe ìyá rẹ̀ wá, pé irọ́ ni wọ́n kọ́ ọ.

Ìyá rẹ̀ dé. Ó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ó kà á lọ, ó kà á bọ̀. Ó dákẹ́. Ó ní, “Màámi, ọjọ́ wo la fi fọ́ọ̀mù yìí sílẹ̀?”

N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Láàárọ̀, mo gba ilé lẹ́sìnnì lọ pẹ̀lú ìwé mi tó kún fún bírò pupa. Ọmọkùnrin náà kò bá mi jiyàn. Ó ní, “Mọ́mì wa, ẹni tó bá mọ 100, ó ti mọ púpọ̀ nínú 128.” Ohun tó bí mi nínú jù ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú ìbéèrè àtijọ́ ló ṣì wà nínú tuntun. Mo béèrè owó mi. Ó ní owó lẹ́sìnnì kì í padà sẹ́yìn, àmọ́ torí èmi ni, òun máa bá mi wá ìwé tuntun ní ₦7,000. ₦7,000! Ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, tí ọmọ ọdún mọ́kànlá tẹ̀ jáde nínú ilé!

Ọmọ mi fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì lọ tẹ̀ ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba. Owó tí mo san kò tó owó ọkọ̀ mi.

Mo fẹ́ sọ fún ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà yìí: ọjọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwé kankan, torí òun ló ń sọ irú ìdánwò tí ẹ máa ṣe. Ẹ má sì fi A, B, C, D kàwé. Kò sí ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀ fúnni níbẹ̀, ẹnu ni òṣìṣẹ́ fi ń béèrè, ẹnu lẹ fi máa dáhùn. Oṣù méjì tí mo fi ń mú C, n kò tíì la ẹnu mi sọ ìdáhùn kan jáde. Nígbà tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ka gbogbo ìbéèrè 128 sínú fóònù pẹ̀lú ohùn ara mi, mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń dá ara mi lóhùn bí mo ṣe ń gún iyán. Ọmọ tó ń tún òrùlé mi ṣe rò pé orí mi ti dàrú.

Kí n sọ òótọ́, ìwé tuntun yẹn dára ju ti àtijọ́ lọ. Ó ń béèrè ìdí, kì í ṣe orúkọ nìkan. Ogun Persian Gulf yẹn, mo rántí rẹ̀ dáadáa ní ọdún 1991, mo ṣàlàyé rẹ̀ nínú kíláàsì: wọ́n fẹ́ lé ọmọ ogun Iraq kúrò ní Kuwait. Hamilton ni mínísítà ètò ìṣúná wọn àkọ́kọ́. Òun àti James Madison pẹ̀lú John Jay ló kọ àwọn àròkọ tó gbè lẹ́yìn òfin ọdún 1787. Ìbéèrè kan tún ní ìgbà wo ni gbogbo obìnrin gba ẹ̀tọ́ láti dìbò. 1920 ni. Ìyẹn kò ṣòro fún mi, torí mo máa ń fi wé ti àwọn obìnrin apá Àríwá wa, tí wọn kò rí tiwọn gbà títí di 1976. Ìpínlẹ̀ márùn-ún náà ńkọ́? Maryland tí mò ń gbé wà nínú wọn, mo wá fi Virginia, Georgia, New York àti New Jersey kún un. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi.

Baltimore ni wọ́n pè mí sí nínú oṣù kẹrin. Gẹ̀ẹ́sì kíkà àti kíkọ, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Tí èèyàn bá ti gba 12, wọ́n á dá a dúró. Tó bá sì ti kùnà 9, wọ́n á dá òun náà dúró. Mo ń gba á lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi ìgbà tí obìnrin náà béèrè iye àwọn tó ń dìbò nílé aṣojú-ṣòfin. Ẹ gbà mí, 360 ló jáde lẹ́nu mi! Èmi gan-an gbọ́ ọ. Mo tún pàdánù èyí tó jẹ mọ́ àtúnṣe òfin kẹwàá, ṣùgbọ́n ní ìbéèrè kẹrìnlá, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti gba 12. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n 360 yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Lọ́jọ́ ìbúra, a ya fọ́tò, èmi pẹ̀lú gèlè mi àti àsíá kékeré lọ́wọ́. Mo fi í ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Kí n tó dé ilé ọmọ mi, ọ̀rẹ́ mi ti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kí mi kú oríire láti Àkúrẹ́, ó ní òun rí mi lórí status ilé lẹ́sìnnì. Mo ní, “Ilé lẹ́sìnnì wo?” Ó gbé e wá fún mi. Fọ́tò mi ni lóòótọ́, gèlè àti àsíá, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Mọ́mì wa ti yege! Ẹ wá forúkọ sílẹ̀.”

Àbúrò mi ló fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin tó ni ilé lẹ́sìnnì náà. Ìyẹn kò gbà á tó wákàtí kan.