Bí Ara Bá Ń Pẹ́ Kó Tó Dáhùn: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Òṣogbo

Àwa tí à ń gbé Òṣogbo mọ bí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró. Bí aláró bá kọ́kọ́ fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni yóò ní. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pa àwọ̀ dà, bí a bá sì fẹ́ kó dúdú dáadáa, a óò tún un rì bọ ìkòkò ní àìmọye ìgbà. Aláró kì í da ìkòkò nù nítorí pé aṣọ kò dú ní rírì àkọ́kọ́. Àwọn tí a kọ ìwé yìí fún ni àwọn tó fẹ́ dín sísanra, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, tí wọ́n ti dín òkèlè, epo àti iyọ̀ kù, tí wọ́n ń jí rìn láràárọ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá tí ìró wọn kò tíì tú sílẹ̀ nídìí, tí ọkàn wọn sì ń sọ fún wọn pé asán ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe asán. Ìgbà tí wọ́n ń wò ni kò bá ohun tí wọ́n ń wò mu.

Òṣùwọ̀n kì í wọn ọ̀rá nìkan

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí náà a óò dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ara a máa tọ́jú apá kan nínú oúnjẹ afáralókun bí àmàlà, ẹ̀bà, iyán àti ìrẹsì sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, omi tó tó bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ a sì máa bá a gbé níbẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá dín òkèlè kù, ìpamọ́ yìí ni ara yóò kọ́kọ́ ná, omi tó wà pẹ̀lú rẹ̀ yóò sì bá ìtọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n fi lè fi kílò 2 wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí inú gbogbo ilé á sì dùn. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, omi náà ti jáde tán, ó wá ku ọ̀rá, ọ̀rá kì í sì í yára lọ. Òṣùwọ̀n á wá dà bí ẹni pé ó dúró. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ọ̀nà náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ tó ń fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ.

Iyọ̀ náà a máa dá omi dúró sára. Bí ẹ bá lọ síbi ìnáwó ní ọjọ́ Sátidé, tí ẹ jẹ ìrẹsì àti ẹran díndín, òṣùwọ̀n ọjọ́ Mọ́ńdè lè fi kílò 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé e, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bákan náà ni ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, àti ti ẹni tí iṣan ń ro nítorí iṣẹ́ tuntun tó fi ara ṣe. Nítorí èyí, ẹ má ṣe gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́. Ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀ tí ẹ kò sì tíì jẹun, lórí òṣùwọ̀n kan náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi oṣù wé oṣù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ fi téèpù àwọn aránṣọ wọn ìbàdí yín, láàárín ìhà ìsàlẹ̀ àti egungun ìdí. Téèpù lè ti fi hàn pé ikùn ń fà nígbà tí òṣùwọ̀n kò tíì sọ ohunkóhun.

Kálukú ní àkókò tirẹ̀

Àgbàdo àti iṣu kì í gbó lọ́jọ́ kan náà, kòkó sì lè gbà tó ọdún 3 sí 5 kó tó so. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń kọ́kọ́ dáhùn: ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 bí iyọ̀ bá dín kù tí ẹ̀fọ́ àti èso sì pọ̀ sí i. Èémí náà kì í pẹ́. Òkè tí ẹ máa ń dúró mí lójú rẹ̀, ẹ óò rí i pé ẹ ti gùn ún dé orí láìdúró. Àyẹ̀wò ṣúgà tó ń fi bí oṣù 2 sí 3 sẹ́yìn hàn kò ṣe é kánjú sí rárá, nítorí pé ara àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń kà á, àwọn yìí sì ń lo bí 120 ọjọ́ kí wọ́n tó kú. Ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 ń ya àgbàdo tí kò tíì gbó ni.

Ní ti dídín sísanra kù, kí ìdajì kílò sí kílò 1 máa kúrò lọ́sẹ̀ ni ìrìn tó dára. Ẹni tó bá wọn kílò 90, tó sì fi kílò 4 àbọ̀ sílẹ̀, ti fi ìdá 5 nínú 100 ara rẹ̀ sílẹ̀. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n ìyẹn ti tó láti ṣe ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà ní àǹfààní. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òṣùwọ̀n á tún dúró, nítorí pé ara tó ti kéré kò nílò oúnjẹ tó ti tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, ẹ dín òkèlè kù díẹ̀ sí i tàbí kí ẹ fi kún ìrìn.

Fún àgbẹ̀

Àwọn àgbẹ̀ máa ń bi wá pé eré ìdárayá wo ni a tún fẹ́ kí àwọn ṣe lẹ́yìn ebè kíkọ. Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ, iṣẹ́ oko wà nínú ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán tí àwọn onímọ̀ ìlera ní kí àgbàlagbà máa fi ara ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo oṣù tí iṣẹ́ kò sí lóko, tí ọ̀kadà ń gbé yín lọ tó ń gbé yín bọ̀, tí oúnjẹ yín sì tó ti ìgbà ebè. Oṣù wọ̀nyẹn ló ń kó ọ̀rá jọ. Kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù ọ̀nà. Ẹni tó ń gbé ìgboro lè rìn kánmọ́kánmọ́ láti Òkè-Fíà sí Ọláìyá kí oòrùn tó mú, ìdajì wákàtí lọ́jọ́ márùn-ún.

Ìkòkò ilé

Ṣíbí ìjẹun kan òróró tàbí epo pupa ní bíi kálórì 120 nínú, ènìyàn sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ rin ìdajì wákàtí kó tó jó o tán. Nítorí náà, ẹni tó ń rìn tí kò sì yí ohun tó ń lọ sínú ìkòkò ọbẹ̀ padà yóò pẹ́ gan-an kó tó rí ìyàtọ̀. A kò fẹ́ kí wọ́n máa se ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ fún bàbá tàbí ìyá tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Ó ń dá ènìyàn lágara, ó sì dà bí ìjìyà. Ìkòkò kan náà ni kí gbogbo ilé jẹ: kí ewédú, ilá, tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ pọ̀, kí ẹ̀wà tàbí ẹja wà níbẹ̀, kí àmàlà tó máa ń kún abọ́ dín sí bí ìdajì. Iyọ̀ àgbàlagbà kan kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ lóòjọ́, iyọ̀ inú màgí sì wà lára rẹ̀. Irú yóò gbé adùn ọbẹ̀ ró. Ọbẹ̀ náà á tẹ́ lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ahọ́n á mọ́ ọn lára. Ẹ má ṣe dín oúnjẹ ọmọ tó ń dàgbà kù, kí aboyún àti ìyá ọlọ́mú má sì ṣe gbìyànjú láti fọn.

Ní ti àgbo tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi àti ìgbẹ́ ló ń yọ lára. Ìwọ̀n náà á padà wá, ó sì lè ti pa kíndìnrín lára. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá, nítorí pé ẹni tí sùúrù rẹ̀ ti tán ni wọ́n ń tà á fún.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ dúró

Ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ dúró fúnra yín. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó sì fẹ́ dín oúnjẹ kù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún dókítà, nítorí ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù. Òógùn, gbígbọ̀n àti òòyì ni àmì rẹ̀. Bí àyà bá ń dun yín nígbà tí ẹ bá ń rìn, bí ẹsẹ̀ bá wú, tàbí bí ẹ bá ń rù láìṣe ohunkóhun tí òǹgbẹ sì ń gbẹ yín, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá tí òṣùwọ̀n, téèpù àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò yí padà rárá, ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ ọ́ sí lọ bá nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, nítorí pé oògùn mìíràn wà tó ń mú ènìyàn sanra. Ní alẹ́ òní, ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, kí ẹ kọ ọjọ́ òní sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n ìbàdí yín sí abẹ́ rẹ̀.