Bí a ṣe ń fa ẹ́ńsáìmù polyphenol oxidase jáde lára ewé mulberry

Ewé tútù, ìyẹn ewé kẹta sí ìkarùn-ún láti orí ẹ̀ka, ni kí ẹ já ní kùtùkùtù, kí oòrùn Abẹ́òkúta tó mú. Inú kúlà oníyìnyín ni kó bọ́ sí lójú ẹsẹ̀.

Ẹ yọ iṣan àárín rẹ̀, kí ẹ wọn gíráàmù 5. Ẹ lọ̀ ọ́ nínú odó kékeré tó ti sùn nínú fíríìsà, pẹ̀lú 25 ml phosphate buffer tútù (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí padà), 50 mM, pH 7.0, àti gíráàmù 0.25 PVPP, ìyẹ̀fun kan tí kì í yòrò nínú omi. Ẹ má fo PVPP o! Bí ewé bá ti fọ́, polyphenol oxidase á bá àwọn polyphenol, èròjà inú ewé tí wọ́n ti wà lọ́tọ̀, pàdé, àwọn polyphenol á di quinone, èròjà tó ń mú kí omi ṣú, quinone á sì lẹ̀ mọ́ purotéènì. PVPP ló ń gba polyphenol mú. Bí omi yín bá ṣú bí àgbo, ẹ dà á nù, ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun.

Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ yí i nínú centrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan kíákíá kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀, ní agbára 10,000 × g, 4°C, ìṣẹ́jú 15. Omi òkè lẹ nílò. Ẹ ní yìnyín nítòsí, torí wọ́n lè mú iná lọ nígbàkigbà.

Láti dán an wò, ẹ po 0.2 ml omi òkè náà mọ́ 2.8 ml catechol 10 mM (èròjà tí ẹ́ńsáìmù náà ń sọ di quinone) tí ẹ fi buffer pò, kí ẹ fi spectrophotometer, ẹ̀rọ tó ń wọn bí àwọ̀ ṣe ṣú tó, kà á ní 420 nm ní ìṣẹ́jú àáyá 15-15 fún ìṣẹ́jú 2. Apá ìbẹ̀rẹ̀ gíráàfù yín tó ń gòkè tààrà nìkan ni kí ẹ lò, torí quinone máa ń pa ẹ́ńsáìmù náà. Ẹ dán omi òkè tí ẹ ti sè fún ìṣẹ́jú 10 wò pẹ̀lú. Bí òun náà bá ń pọ́n, afẹ́fẹ́ ló ti ba catechol yín jẹ́.