Bẹ́ ẹ ṣe lè fi ẹ̀rọ tí à ń tì gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé yín

Ẹni tó bá ti fọwọ́ fọ́n tẹ̀tẹ̀ rí á mọ̀ pé ibì kan á ki bí igbó, ibòmíì á pá. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra ẹ̀rọ ìgbìn tí à ń tì, àwọn kan ń pè é ní síídà. Táyà méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àpótí kékeré tí à ń da irúgbìn sí wà láàárín, àwo rọ́bà oníhò kan sì wà nínú ẹ̀. Bí táyà iwájú bá ṣe ń yí ni àwo yẹn ń yí, ihò kọ̀ọ̀kan á gbé hóró, á jù ú sínú ojú ilẹ̀ tí irin abẹ́ ẹ̀ là, ṣéènì tó ń wọ́ tẹ̀lé e á wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó, táyà ẹ̀yìn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìdúró lẹ ó ti ṣe gbogbo ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ò ní pa yín lẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ inú àpò lẹ ti ń gbin nǹkan, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe ní Múṣin àti Ṣómólú, ẹ má ra á, ọwọ́ yín tó. Àwa ní bí àbọ̀ pulọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé níbí ní Ìpájà, ìyẹn ló fi wúlò fún wa.

Ilẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ̀rọ yìí ò lè rìn lórí ebè, bẹ́ẹ̀dì tí orí ẹ̀ tẹ́jú ló fẹ́, ẹ gbé e sókè díẹ̀ torí òjò June, kẹ́ ẹ sì la ojú omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ilẹ̀ Èkó, ẹ mọ̀ bó ṣe rí, tẹ́ ẹ bá ti ń gbẹ́ ẹ, náílọ̀n píọ̀wọ́tà àti àfọ́kù ìgò lẹ ó máa bá pàdé. Ẹ ṣa gbogbo ẹ̀ kúrò pátápátá, torí náílọ̀n kan ṣoṣo tó bá lọ́ mọ́ irin abẹ́ ẹ̀rọ, irin yẹn ò ní lalẹ̀ mọ́, orí ilẹ̀ ni irúgbìn á máa já sí tí ẹyẹ á sì wá ṣa á jẹ. Ẹ po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà mọ́ ọn, tútù ẹ̀ máa ń jó irúgbìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi réèkì fọ́ ògúlùtu, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ kó dọ́gba. Tí ilẹ̀ bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ bàtà yín, ẹ dúró dọ̀la.

Irúgbìn ńkọ́? Ewédú ò kí ń tètè hù, torí náà ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ gbé e sínú omi tútù, kẹ́ ẹ wá sá a sábẹ́ ibòji títí á fi gbẹ dáadáa. Ilá lè sùn sínú omi mọ́jú, òun náà gbọ́dọ̀ gbẹ lára kó tó wọnú ẹ̀rọ, irúgbìn tútù ò ní já sílẹ̀. Ti ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀wà rọrùn. Ti úgù, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi gbìn ín, hóró ẹ̀ ti tóbi jù.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Ẹ má gbé e wọlẹ̀ láìdán an wò! Nígbà kan mo ti ẹ̀rọ yìí kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ mẹ́rin, mo bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìlà kan ṣoṣo ló hù. Ìgbà tí mo tú àpótí ẹ̀ ni mo rí i pé ẹ̀yìn àwo ni hóró tẹ̀tẹ̀ sá sí, wọ́n ti há síbẹ̀, ó dùn mí gan-an. Torí náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà, ẹ fi téèpù wọn àyíká ẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́, ẹ gbé iwájú sókè kẹ́ ẹ fọwọ́ yí táyà. Ká ní àyíká ẹ̀ jẹ́ mítà 1, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mítà 10 nìyẹn. Ilá fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 láàárín ara wọn, ẹ gbọ́dọ̀ ka bíi hóró 33. Tó bá jẹ́ bí 66 lẹ rí, ẹ fi sẹ́lótéèpù dí ihò kan, ẹ fo ìkejì, ẹ dí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ tún kà á.

Tẹ̀tẹ̀ kéré jù, á máa dà gìrì. Tó bá jẹ́ ọwọ́ là ń fi fọ́n ọn, yanrìn là ń pò mọ́ ọn, àmọ́ yanrìn á ha àwo yìí. Èmi máa ń yan ògbólógbòó tẹ̀tẹ̀ nínú páànù gbígbẹ kó má lè hù mọ́, màá wá po ṣíbí mẹ́ta ẹ̀ mọ́ ṣíbí kan tó yè.

Ó ku kẹ́ ẹ sún irin abẹ́ ẹ̀ sí bó ṣe yẹ kó jìn tó: ilá, sẹ̀ǹtímítà 2, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, kó má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ kan èèkàn méjì, ẹ ta okùn sáàárín, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé okùn yẹn fún ìlà àkọ́kọ́. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ á máa fàlà sílẹ̀ fún èyí tó kàn, ilá fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 láàárín ìlà, tẹ̀tẹ̀ ò ju 20. Ẹ rìn pẹ̀lẹ́, ẹ má sáré, ẹ má fà á sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì máa bojú wo àpótí bóyá irúgbìn ń dínkù.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fi agolo tó ní ihò wẹ́wẹ́ bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ da koríko gbígbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó nítorí oòrùn àti ẹyẹ. Tí tẹ̀tẹ̀ bá ti yọjú, bí ọjọ́ kẹrin sí ìkarùn-ún, ẹ ká koríko yẹn kúrò. Tó bá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fa àwọn tó fún ara wọn pọ̀ tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò, ìyẹn ti tó ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ kó gbòòrò.