RAID yín ń wọ́ lẹ́yìn kernel tuntun? Ẹ má ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ń bí mi nínú jù. Ẹnìkan ní server kékeré ní ṣọ́ọ̀bù, háàdì dísíìkì mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, RAID 5 ló fi ṣe (ìyẹn ni pé ó so wọ́n pọ̀ bí ẹyọ kan, tí dátà ò fi ní sọnù tí ọ̀kan bá kú), ó ti lé lọ́dún kan tí wọn ò ti pa á rí torí ìnfátà ń gbé e, ó wá ṣe upgrade ní Sátidé tó mú kernel tuntun wọlé (kernel ni ọkàn Linux, òun ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀), ó ríbúùtù, ìgbà tó di Mọ́ńdè àwọn tó ń ṣe fídíò ìgbéyàwó ti ń pariwo pé fáìlì ò tètè ṣí, ohun tó sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀gá ni pé "kernel tuntun yìí ti bà mí láyé jẹ́ o". Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nǹkan méjì ló ṣe lọ́jọ́ yẹn: ó pààrọ̀ kernel, ó sì tún ríbúùtù. Nínú èyí tó pọ̀ jù tí mò ń bá pàdé ní Ìbàdàn níbí, látọ̀dọ̀ àwọn onífídíò ní Mọ́kọ́lá títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Agbowó, ríbúùtù yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà, kernel ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Kí ló dé? Púpọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ tún ṣe nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ sẹ́ẹ̀tì ẹ̀, tẹ́ ẹ kàn tẹ kọ́mándì ẹ̀ tó sì ṣiṣẹ́, inú mẹ́mọ́rì ló wà. Ẹ̀rọ kú báyìí, ó lọ nìyẹn. Ọ̀gá wọn ni stripe_cache_size, ìyẹn ààyè tí RAID ń lò nínú RAM láti to dátà: 256 ni Linux máa ń gbé e sí fún RAID 5 àti RAID 6, ẹlòmíì ti gbé e lọ sí 4096 látọjọ́ tó ti pẹ́, ó sì ti gbàgbé pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ `cat /sys/block/md0/md/stripe_cache_size` kẹ́ ẹ wò ó (md0 ni orúkọ RAID, tiyín lè yàtọ̀). Tó bá ti padà sí 256, ẹ ti mú olè. Read-ahead náà ńkọ́, ìyẹn iye dátà tó ń kà sílẹ̀ ṣáájú, `blockdev --getra /dev/md0`, sẹ́kítọ̀ oní-báìtì 512 ló fi ń ka tiẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá rí 8192, 4MB nìyẹn. Ẹ má kàn tún un tẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa lọ, torí ìgbà míì tí iná bá ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ibi tẹ́ ẹ wà yìí náà lẹ máa padà sí, ẹ kọ ọ́ sínú udev rule (òfin tí Linux ń tẹ̀ lé tó bá ti rí dísíìkì) ní /etc/udev/rules.d kó lè máa dúró. Ẹ má sì torí pé 4096 dáa kẹ́ ẹ sáré gbé e dé 32768 o! RAM ló ń jẹ. Ẹ mú 4KB, ẹ fi iye dísíìkì sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi nọ́ńbà yẹn sọ ọ́ di púpọ̀: dísíìkì 4 lórí 4096 á gba 64MB, lórí 32768 ó di 512MB, bẹ́ẹ̀ tòkúnbọ̀ tó ní RAM 4GB lẹlòmíì ń lò.

Èyí tó tẹ̀ lé e: kí resync (tí RAID fi ń tún àwọn dísíìkì ẹ̀ ṣe kó bára mu) máa lọ lábẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa bú kernel lókè. Ẹ wo /proc/mdstat, ibẹ̀ ni Linux ti ń sọ ohun tí RAID ń ṣe, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Tí ẹ̀rọ ò bá kú dáadáa, bóyá iná lọ tí bátìrì ìnfátà ò gbé e, tàbí ẹnìkan fa wáyà yọ torí kó lè ki fóònù ẹ̀ bọ̀ ọ́, array (àkójọ dísíìkì yẹn) máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ara ẹ̀ lọ́kan tó bá ti jí. Lórí Debian àti Ubuntu, àyẹ̀wò kan tún wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ wá wò ó, wíkẹ́ńdì náà lẹ̀yin náà fẹ́ràn láti ṣe upgrade. Dísíìkì 4TB tó ń ka nǹkan bíi 150MB ní sẹ́kọ́ńdì kan á lò ju wákàtí 7 lọ kó tó parí, ìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò bá tiẹ̀ fọwọ́ kàn án o. Ẹ fi í lẹ̀ kó parí. Àwọn kan á lọ gbé speed_limit_min (ìyára tó kéré jù tí resync gbọ́dọ̀ ní) sókè sí 200000 kó lè yára, wọ́n á kọ ọ́ sínú sysctl.conf, wọ́n á gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, láti ọjọ́ yẹn lọ gbogbo ìgbà tí àyẹ̀wò bá ti bẹ̀rẹ̀ kò ní yà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mọ́. 1000 ló wà tẹ́lẹ̀, ẹ dá a padà síbẹ̀.

Dísíìkì kan ṣoṣo tó ń ṣàìsàn náà lè fa gbogbo wọn sẹ́yìn. RAID 5 dà bíi Micra tó ń kérò ní Ìwó Road, kò ní gbéra àfi tẹ́ni tó kẹ́yìn bá wọlé. Ẹ lo `iostat -x 1`, ẹ má wo md0 nìkan, ẹ wo dísíìkì kọ̀ọ̀kan. Ní ṣọ́ọ̀bù kan báyìí, sda, sdb àti sdd ń dáhùn ní nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá, sdc ń sọ ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, %util ẹ̀ (bí iṣẹ́ ṣe kún un lọ́wọ́ tó) ò sì kúrò ní 100. A wo `dmesg` (àkọsílẹ̀ kernel), ó wà níbẹ̀ gbangba: "limiting SATA link speed to 1.5 Gbps", àwọn mẹ́ta yòókù sì wà lórí 6.0. A bi smartctl tó ń yẹ ìlera dísíìkì wò, UDMA_CRC_Error_Count (àṣìṣe lórí wáyà) ń gun òkè ṣáá. Cable ni o, cable lásán tó ti kún fún eruku ọyẹ́! Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ó bùṣe, ọ̀gá yẹn sì ti ń múra láti fọ gbogbo server. Tó bá jẹ́ Current_Pending_Sector (ibi tí dísíìkì ò rí kà) lẹ rí tó ń pọ̀ sí i, ìyẹn yàtọ̀, dísíìkì fúnra ẹ̀ ló ń kú lọ, ẹ lọ ra òmíì.

Ó dáa, kernel náà ní ẹjọ́ tiẹ̀ o. Láti 5.0 tó jáde lọ́dún 2019 ni wọ́n ti yọ cfq àti noop kúrò nínú àwọn scheduler tó ń to iṣẹ́ dísíìkì, mq-deadline, bfq, kyber àti none ló kù. Ẹni tó bá fo láti Ubuntu 18.04 tó ń lo 4.15 bọ́ sí 20.04 tó ń lo 5.4, tàbí láti Debian 10 sí 11, ó ti kọjá ibẹ̀ láìmọ̀. Script àtijọ́ tó ń kọ "cfq" sínú /sys/block/sda/queue/scheduler á kàn kùnà jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ sì máa rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ cat fáìlì yẹn, èyí tó bá wà láàárín àmì [ ] lẹ̀ ń lò.

Ẹ má fi dd (kọ́mándì tó ń da dátà kọ) lásán díwọ̀n ìyára. dd tẹ́ ẹ ò fi oflag=direct sí, RAM ló ń díwọ̀n fún yín, ẹ á rí nọ́ńbà ńlá tí kì í ṣe ti dísíìkì. Ẹ lo fio, tí wọ́n ṣe fún díwọ̀n ìyára dísíìkì, pẹ̀lú --direct=1, ẹ sì jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má kọ --filename=/dev/md0 pẹ̀lú --rw=write láé, dátà yín ló máa kọ nǹkan lé lórí! Fáìlì kan nínú fódà ni kẹ́ ẹ fún un.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù wá kù, ìyẹn àwọn tó máa ń fi dátà ra ìyára. Ẹ máa gbọ́ pé kẹ́ ẹ fi barrier=0 (tó ń pa ààbò ìkọ̀wé dátà) sí mount ext4, pé kẹ́ ẹ yọ bitmap kúrò lára array. Lóòótọ́ ló máa yára sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí iná ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Bitmap yẹn ni kì í jẹ́ kí resync bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá kú lójijì. Bẹ́ẹ̀ náà ni mitigations=off: àwọn ìdáàbòbò tó wọ kernel láti 2018 nítorí Meltdown àti Spectre (ihò ààbò inú CPU) máa ń fa ẹ̀rọ àtijọ́ sẹ́yìn díẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má yọ ọ́ lórí server tí oríṣiríṣi èèyàn ń wọlé sí. Tí array ò bá sì fẹ́ gbéra, ẹ ò gbọdọ̀ sáré tẹ `mdadm --create` tó ń dá tuntun sílẹ̀, `--assemble` tó ń kó ti tẹ́lẹ̀ jọ ni. RAID 0 tí dísíìkì ẹ̀ ò dọ́gba tún ní tiẹ̀: láti 5.4 kernel lè kọ̀ láti gbé e dìde títí tẹ́ ẹ fi máa yan raid0.default_layout (bí dátà ṣe tò), 1 tàbí 2, kò sì dáa kẹ́ ẹ máa méfò, tẹ́ ẹ bá ṣì í yàn fáìlì lè bàjẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ti wo gbogbo ìyẹn tí kò sí nínú ẹ̀, ìgbà yẹn lẹ tó lè na ìka sí kernel. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ sáré ṣe `apt autoremove` lọ́jọ́ upgrade, ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ wà níbẹ̀. Ẹ gba Advanced options nínú GRUB (ibi tẹ́ ẹ ti ń yan kernel tí ẹ̀rọ bá ń tàn) wọlé sórí ẹ̀, ẹ tún gbogbo sẹ́tíǹgì ṣe kó bá ara mu, ẹ ṣe fio kan náà. Tí ìyára bá padà, ẹ fi `apt-mark hold` di ti àtijọ́ yẹn mú kó má bàa yọ, kẹ́ ẹ wá fẹjọ́ sun àwọn tó ń tọ́jú kernel: `uname -r` ti méjèèjì, èsì fio ti méjèèjì, àti ohun tí `mdadm --detail` sọ nípa iye dísíìkì àti chunk size. Tẹ́ ẹ bá kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ó ń wọ́", wọn ò ní rí nǹkan kan ṣe sí i.